Ọmọdé Ló Gbọ́ Ohùn Ògiri

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní pólì wá kí mi láìpẹ́ yìí. Bó ti ń jẹ ẹ̀pà tí mo gbé síwájú rẹ̀, ó bi mí pé, "Màmá, gbogbo ọjọ́ ayé yín lẹ fi kọ́ àwọn ọmọ tí ò tíì lè nu ikun imú ara wọn. Ṣé ẹ ò kábàámọ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kó rọra jẹ ẹ̀pà rẹ̀, pé ìdáhùn rẹ̀ gùn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ohun tí mo sọ fún un ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin náà. Àgbà tó bá ní ọ̀rọ̀ òun ò ní pẹ́, ẹ tètè wá ibi fìdí lé.

Orúkọ mi ni Sàfùrátù. Agbo ilé àwọn oníṣòwò aṣọ ni wọ́n bí mi sí, ní àárín ìlú Ẹdẹ, níbi tí ìpè àdúrà àárọ̀ ti máa ń jí adìẹ kó tó jí èèyàn. Bàbá mi fẹ́ kí n tẹ̀ lé àwọn lọ́jà. Ìyá mi ní kí wọ́n jẹ́ kí n kàwé. Mo kàwé, mo gba ìwé ẹ̀rí tíṣà, ìjọba gbà mí síṣẹ́, wọ́n sì ní kí n lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lẹ́yìn ìlú, lọ́nà tó lọ sí ìlú Ara. Ní ti owó oṣù, ó máa ń dé nígbà tó bá wù ú. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ohun tó dùn mí nígbà náà ni pé kíláàsì àwọn ọmọ ńlá ni mo ń retí. Mo ti rí ara mi lójú àlá níwájú pátákó, tí mò ń ṣe ìṣirò tó le. Wọ́n ní jẹ́lé-ó-sinmi ni kí n lọ. Mo sunkún délé. Ìyá mi ní, "Ta ló sọ fún ọ pé ọmọ kékeré rọrùn? Ìwọ lọ ná."

Obìnrin tó ń darí jẹ́lé-ó-sinmi náà, Màmá là ń pè é, tọmọdé tàgbà. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sì í wọ bàtà nínú kíláàsì. Ó ní bàtà máa ń jẹ́ kí àgbà gbàgbé ilẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé, mo ti lọ aṣọ mi títí ó fi le bíi páálí, mo sì mú pàṣán tuntun dání.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Káàárọ̀. Pàṣán ta nìyẹn?"

"Tèmi ni, mà."

"Gbé e wá."

Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó lọ sẹ́yìn kíláàsì, ó fi í gbé igi tòmátò kan tó ti ń ṣubú ró. Nígbà tó padà dé, ó ní kí n jókòó. Mo bi í pé àga wo. Ó ní, "Ṣé mo dárúkọ àga ni? Ilẹ̀ ni mo wí."

Mo jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ, tèmi ti aṣọ líle mi. Wọ́n ń wò mí bí ẹni ń wo àlejò tó ṣìnà.

"Kí lo rí?" Màmá bi mí.

"Mo rí pátákó ìkọ̀wé, mà."

"Irọ́ lò ń pa. Tún wò ó."

Mo wò ó dáadáa. Mi ò rí pátákó kankan. Abẹ́ tábìlì tíṣà ni mo rí, àti òwú aláǹtakùn, àti gọ́ọ̀mù tí ẹnì kan jẹ tó fi lẹ̀ mọ́ igi. Mo gbójú sókè sí fèrèsé, ojú ọ̀run nìkan ló wà níbẹ̀, torí fèrèsé náà ga ju orí ọmọ kékeré lọ.

"Abẹ́ tábìlì ni mo rí, mà."

"Ohun tí àwọn ọmọ yìí ń wò látọjọ́ yìí nìyẹn; àná ni mo gba kíláàsì yìí. Ẹni tó ń kọ́ wọn tẹ́lẹ̀ rò pé wọn ò lóye ni." Àwa méjèèjì jọ gbé tábìlì náà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ó wá ní, "Wọ́n ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi, kò lè rí i. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọdé rí lórí ẹní, àgbà tó bá wà lórí ìdúró ò ní rí i láéláé."

Ní gbogbo táàmù yẹn, kò jẹ́ kí n kọ́ ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun. Iṣẹ́ mi ni pé kí n fetí sílẹ̀. Lọ́sàn-án, bí àwọn ọmọ bá ti lọ tán, á bi mí pé kí ni wọ́n sọ lónìí. Bí mo bá ní, "Wọ́n ní àwọn fẹ́ràn ilé ẹ̀kọ́, mà," á ní, "Ọmọ wo? Ọ̀rọ̀ wo gan-an ló fi sọ ọ́?" Bí mi ò bá mọ̀ ọ́n, èmi ni mo máa gbá gbogbo kíláàsì. Mo gbálẹ̀ títí tí ọwọ̀ fi dá egbò sí mi lọ́wọ́.

Àmọ́ ohun tó máa ń bí i nínú jù lọ ni kí àgbà bá ọmọ parí ọ̀rọ̀. Ọmọkùnrin kan wà tó máa ń pẹ́ kó tó rí ọ̀rọ̀ mú. Mo bi í pé ibo ló fẹ́ràn jù ní ilé ẹ̀kọ́ wa. Ó ní, "Ibi... ibi tí mo..." Mo bá a parí ẹ̀: "Abẹ́ igi mángòrò, àbí?" Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Màmá ní, "Ó ti parí. O ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ. Bẹ̀ ẹ́." Mo kúnlẹ̀ bẹ ọmọ náà lójú gbogbo àwọn yòókù. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó fúnra rẹ̀ wá bá mi, ó fà mí láṣọ, ó ní, "Ẹnu ọ̀nà ni mo fẹ́ràn. Torí mo lè rí ọ̀nà ilé wa níbẹ̀."

Ẹ wò ó, bí mo bá tiẹ̀ ti lo ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà, mi ò bá má ronú kan ìyẹn.

Bí Màmá ṣe tọ́ mi sọ́nà nìyẹn. A máa ń jẹ́ kí ọmọ kan mú wa káàkiri ọgbà ilé ẹ̀kọ́, kí ó máa fi hàn wá: ibi tó wù ú, ibi tó ń bà á lẹ́rù, ibi tó tutù, ibi tó ń rùn. Kì í ṣe eré lásán. Ohun tí wọ́n bá sọ, a máa gbìyànjú láti ṣe nǹkan nípa rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò ṣeé ṣe. Màmá ní bí kò bá ṣeé ṣe, kí a padà lọ sọ ìdí rẹ̀ fún ọmọ náà, kó má rò pé afẹ́fẹ́ ló bá sọ̀rọ̀.

Irinṣẹ́ wa nígbà yẹn ò ju iyanrìn tútù àti igi ìgbálẹ̀ lọ. Ọmọ á ya ilé ẹ̀kọ́ wa sórí iyanrìn, á ṣàlàyé, òjò á sì wá pa á rẹ́. Lẹ́yìn náà la lo síléètì, lẹ́yìn náà ni ṣọ́ọ̀kì aláràbarà dé. Ìgbà kan wà tí mo yá rédíò tó ń gba ohùn sílẹ̀, àwọn ọmọ gbọ́ ohùn ara wọn, wọ́n sá. Wọ́n ní ta ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tó yá, fóònù tó ń ya fọ́tò wọlé dé. Mo máa ń gbé tèmi fún wọn pé kí wọ́n ya ohun tí wọn ò fẹ́ nílé ẹ̀kọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo wo fọ́tò wọn, gbogbo rẹ̀ dúdú kirikiri. Mo rò pé wọ́n ti ba fóònù jẹ́.

"Kí lẹ yà síbí?"

"Ihò ni, Àǹtí."

Ihò ṣáláńgá ni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló lọ dúró síbẹ̀ tó ya inú ihò. Ọ̀kan ní, "Ó fẹ́ gbé mi mì." Ó ti pẹ́ tí a ti ń bá àwọn ọmọ yẹn jà pé wọ́n ń tọ̀ sẹ́yìn ilé. Ihò náà ni a gbẹ́ fún ẹsẹ̀ àgbà, ọmọ tó bá tẹsẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, á fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. A ní kí káfíńtà kan ṣe ìjókòó kékeré pẹ̀lú ọmọrí sórí rẹ̀. Ìtọ̀ ẹ̀yìn ilé dáwọ́ dúró.

Ó tó ọdún mélòó kan tí Màmá ti fẹ̀yìn tì, tí èmi náà ti di ẹni tó ń darí jẹ́lé-ó-sinmi, kí ọ̀rọ̀ ògiri tó ṣẹlẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà nínú kíláàsì mi, Sìdíkátù, Sìdí là ń pè é. Ọmọ àgbẹ̀ ni, abà wọn wà lọ́nà Ara. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò pọ̀. Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn òjò, mo bi àwọn ọmọ pé kí ni wọ́n máa ń gbọ́ nínú kíláàsì wa. Ọ̀kan ní òun ń gbọ́ ọ̀kadà. Ọ̀kan ní òun ń gbọ́ ikùn Lékan. Sìdí ní, "Ògiri ń jẹ gúgúrú."

Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín.

"Ògiri wo, Sìdí?"

"Èyí tí mo máa ń fẹ̀yìn tì. Bí òjò bá ti dá ló máa ń jẹ ẹ́."

Mo lọ síbi ògiri náà, mo gbé etí lé e lórí ìdúró. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo wá jókòó sí ààyè Sìdí gan-an, mo fẹ̀yìn tì í bíi tirẹ̀. Nígbà náà ni mo gbọ́ ọ, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́, bí ẹni ń fi eyín fọ́ gúgúrú lábẹ́ aṣọ. Ògiri alámọ̀ ni ilé náà, tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lára láyé àtijọ́. Ohun kan ń ya lulẹ̀ nínú rẹ̀.

Mo lọ pe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa, Ọ̀gá Ràímì, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí ṣòkòtò rẹ̀ kì í ní ìkákò. Mo rò pé á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó jókòó sílẹ̀ tòun ti ṣòkòtò yẹn, ó fẹ̀yìn ti ògiri náà, ó wá ní, "Mo gbọ́ ọ, Àǹtí Sáfù." Ó ránṣẹ́ pe bíríkìlà. Bíríkìlà fi ìkúùkù lu ògiri náà lókè, ó ní kò sí nǹkan kan, pé ọ̀pọ̀lọ́ ló wà níbẹ̀, pé ògiri yìí á pẹ́ láyé ju gbogbo wa lọ.

Ọ̀gá Ràímì wò mí. "Ọ̀kan ní ọ̀pọ̀lọ́, ọ̀kan ní gúgúrú. Kí la fẹ́ ṣe?"

"Ẹ jẹ́ kí n kó wọn lọ sábẹ́ mángòrò títí a ó fi gba ìsinmi, sà. Bó bá jẹ́ ọ̀pọ̀lọ́ ni, a ò pàdánù nǹkan kan."

Ó gbà. Àmọ́ àwọn òbí ò gbà. Ìyá Lékan wá bá mi lábẹ́ igi, ó fọwọ́ sí ìbàdí. "Àǹtí Sáfù, ṣé ewúrẹ́ lọmọ mi ni, tí ẹ fi kó o mọ́ ìdí igi? Nítorí ohun tí ọmọ ọdún mẹ́rin sọ?"

"Ẹ má bínú, Ìyá Lékan. Ẹ jẹ́ ká fi sùúrù wò ó."

"Ẹ̀yin ẹ máa wò ó. Èmi ń mú ọmọ mi lọ." Ó sì fa Lékan lọ́wọ́ lọ. Ẹkún ni ọmọ náà ń sun.

Kò pẹ́ sí i ni òjò àárọ̀ kan ṣú láti apá ìlú Awo. Ìjì ló kọ́kọ́ dé. Ewé mángòrò ń já lé wa lórí. Mo pàtẹ́wọ́, mo ní, "Ó yá, ẹ jẹ́ ká sá!" Ẹ mọ bí àṣà ṣe rí. Ẹsẹ̀ gbogbo wa, tèmi náà, kọjú sí kíláàsì, torí ibẹ̀ la ti máa ń sá sí látọjọ́ yìí. Sìdí ló sáré ṣáájú. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na apá méjèèjì, ó ń ké pé, "Ẹ má wọlé! Ó ń jẹun! Ó ń jẹun!"

Ìgbà náà ni orí mi pé wá. Mo yí àwọn ọmọ padà sí ọ́fíìsì Ọ̀gá Ràímì. Bísí, ọ̀dọ́ tíṣà tó ń ràn mí lọ́wọ́, ní, "Ẹ máa kó wọn lọ, mà. Ẹní wọn tó kù nínú kíláàsì nìkan ni mo fẹ́ mú." Mo pè é, ìjì gbé ohùn mi lọ. Ó ti wọlé.

Èèyàn á rò pé ògiri tó bá ń wó á dún bí àrá. Kò dún bẹ́ẹ̀. Ó dún bí ẹni tó rẹ̀ tó mí kanlẹ̀. Eruku jáde lójú fèrèsé, òjò sì pa á.

Ọ̀gá Ràímì ló kọ́kọ́ débẹ̀, àwọn ọlọ́kadà tó sá òjò sí ẹnu géètì wa sì tẹ̀ lé e. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń wú amọ̀. Mo ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mọ́ àwọn ọmọ, mo ń kà wọ́n, mo ń tún wọn kà, mò ń ṣe àdúà lẹ́nu kan náà. Nígbà tí mo gbọ́ ohùn Bísí tó ń ké, mo dúpẹ́, torí ẹni tó ń ké ò tíì kú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán. Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi gbé e lọ sí ọsibítù.

Ìròyìn tàn ká Ẹdẹ. Àwọn èèyàn ń wá wo àwọn ọmọ náà, wọ́n ń fún wọn ní bisikíìtì, wọ́n ń gbàdúrà fún wọn. Ìyá Lékan mú Lékan padà wá, kò lè wò mí lójú. Mo dì mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n ohun kan ń ṣẹlẹ̀ tí àwọn tó ń gbé bisikíìtì wá ò rí. Àwọn ọmọ ò sọ̀rọ̀ mọ́. Bí mo bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí lónìí, wọ́n á dákẹ́. Sìdí tiẹ̀ máa ń fi ọwọ́ bo ẹnu ni.

Ọjọ́ kan ni mò ń bá a tún ìbòrí rẹ̀ wé, lòun fúnra rẹ̀ bá sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́: "Àǹtí, ṣé torí mo sọ ọ́ ló fi wó?"

Mo jáwọ́ nínú ìbòrí náà. Ó ní ìyá àgbà òun ti kìlọ̀ fún òun nílé pé kí òun yé fi ẹnu òun pe nǹkan. Mo sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó gbọ́, àmọ́ mo rí i lójú rẹ̀ pé kò gbà mí gbọ́. Èmi kọ́ ni ògiri wó lù; ẹnu ẹni tó wó lù ló yẹ kó ti gbọ́ ọ.

Mo lọ bẹ àwọn òbí, mo kó àwọn ọmọ tí wọ́n yọ̀ǹda lọ sílé Bísí. Wọ́n ti dì í lẹ́sẹ̀ pẹ̀lú sìmẹ́ńtì funfun àwọn dókítà. Sìdí fara pamọ́ sẹ́yìn mi. Bísí pè é.

"Sìdí, máa bọ̀. Ta ló sọ fún wa pé ògiri ń jẹ gúgúrú?"

"Èmi ni." Ohùn rẹ̀ kéré.

"Ta ló gbọ́, tó tún wọlé lọ mú ẹní?"

Sìdí wo ẹsẹ̀ náà. Bísí fọwọ́ lu àyà ara rẹ̀. "Èmi ni. Ṣé ìwọ lo ti ògiri lù mí?"

"Rárá."

"Omi ló tì í. Omi òrùlé tó ń dà sí ìdí rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọn ò tíì bí ọ. Ìwọ kàn sọ ohun tó ń ṣe ni. Bí o ò bá sọ ọ́, gbogbo wa ni ì bá wó lù. Ṣé o gbọ́?"

Sìdí mi orí pé òun gbọ́. Ó sún mọ́ ọn, ó fi ìka kan sórí sìmẹ́ńtì ẹsẹ̀ náà. "Ṣé èyí náà ń jẹ gúgúrú?"

"Ìwọ fetí sí i."

Ó gbé etí lé e, ó fetí sílẹ̀ dáadáa, ó wá gbórí sókè. "Ó ti yó."

Bísí rẹ́rìn-ín títí ìrora fi mú un lẹ́sẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín síbẹ̀. Àwọn ọmọ tó kù náà bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí a ń padà bọ̀, ariwo ọ̀rọ̀ wọn lójú ọ̀nà pọ̀ débi pé ọlọ́kadà kan bi mí pé ilé ìyàwó la ti ń bọ̀ ni. Ẹ̀kọ́ yẹn, Màmá ò kọ́ mi. Bí o bá bi ọmọdé léèrè ohun tó rí, o gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí ohun tó rí bá ṣẹlẹ̀.

Wọ́n fẹ́ tún ilé kọ́. Ìgbìmọ̀ àwọn òbí ló mú un ní ọ̀kúnkúndùn, Àlájì Gàníyù tó ní ọkọ̀ akẹ́rù sì ni alága. Wọ́n ya àwòrán ilé gígùn kan. Mángòrò máa kúrò, wọ́n sì máa da sìmẹ́ńtì sí gbogbo ọgbà, kó lè mọ́ tónítóní. Mo dìde nípàdé, mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ gbọ́ tẹnu àwọn ọmọ.

Àlájì wò mí lókè dígí ojú rẹ̀. "Àlàájà, ọmọ tó ṣì ń tọ̀ sílé ló fẹ́ ya àwòrán ilé?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. "Wọn ò ní ya ilé, Àlájì. Wọ́n máa sọ bó ṣe máa ń rí fún ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ ni."

Ó ní ó dáa, kí wọ́n wá, kí wọ́n má pẹ́. Lọ́jọ́ ìpàdé kejì, a jókòó sábẹ́ mángòrò náà. Bí ẹ bá rò pé ẹnu àwọn ọmọ kò, ẹ ṣì í. Lékan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Èmi fẹ́ sìmẹ́ńtì. Ẹrẹ̀ máa ń ba ṣòkòtò mi jẹ́, màámi á wá nà mí." Ìyá rẹ̀ fi gèlè bojú. Ọmọ mìíràn ní rárá o, sìmẹ́ńtì máa ń jó èèyàn lẹ́sẹ̀ lọ́sàn-án. Ọ̀kan ní kí wọ́n mú fèrèsé wálẹ̀ kí òun lè rí ẹni tó ń bọ̀. Ọ̀kan ní kí wọ́n yé sun ọ̀rá píọ̀ wọ́tà lẹ́yìn kíláàsì, pé èéfín rẹ̀ máa ń wọ inú ìrẹsì òun.

Ó kan Sìdí. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, mo sì gbá ẹnu mi mú.

"Àbúrò mi ò tíì máa rìn," ló wí. "Bí ẹ bá gé mángòrò, kí ló máa bá?"

Àlájì tẹ̀ síwájú. "Níbo ni àbúrò rẹ wà?"

"Ẹ̀yìn màámi."

Ìyá rẹ̀ tó wà lẹ́yìn dìde, ó yí ẹ̀yìn sí wa. Ìkókó kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó sùn fọnfọn. Ẹ̀rín sọ. Àlájì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wo igi náà sókè, ó ní, "Èmi náà jẹ nínú èso rẹ̀ nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ yìí." Ó kọjú sí ọmọ náà. "Kí ni ìwọ fẹ́ kó bá?"

"Igi. Àti omi tí ò ní jẹ ògiri."

Mi ò ní pa irọ́ fún yín pé gbogbo ohun tí wọ́n béèrè ni wọ́n rí. Igi dúró, ilé sì gé kúrú nítorí rẹ̀, yàrá kan dín. Àwọn tíṣà kan bá mi bínú fún ọdún mélòó kan, torí èrò pọ̀ ní kíláàsì wọn, mi ò sì lè dá wọn lẹ́bi. Sìmẹ́ńtì wà lójú ọ̀nà àti níbi ìfọwọ́, ilẹ̀ yòókù sì wà bó ṣe wà. Wọ́n mú fèrèsé wálẹ̀. Wọ́n fi páìpù gba omi òrùlé sínú dúrọ́ọ̀mù. Omi tó ń jẹ ògiri tẹ́lẹ̀ la fi ń bomi rin tẹ̀tẹ̀ àti gbọ̀ọ̀rọ̀, òun náà la fi ń fọwọ́. Ọ̀rá sísun dáwọ́ dúró fún ìgbà díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀, a tún dá a dúró. Iṣẹ́ tíṣà, ẹ̀yin ọmọ mi, bí ilẹ̀ gbígbá ló rí. Ọwọ́ ẹni kì í kúrò nínú rẹ̀.

Bísí padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó ń tiro díẹ̀. Àwọn ọmọ rọra ń bá a rìn láìjẹ́ pé ẹnì kan sọ fún wọn. Òun ló gba ipò mi nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, tábúlẹ́ẹ̀tì ló sì ń lò báyìí, ọmọ á fi ìka kan fa àwòrán ilé ẹ̀kọ́ wọn, òjò ò sì lè pa á rẹ́. Mo wo ọ̀kan, ó wù mí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣe ìdágbére fún mi, wọ́n ní kí àwọn ọmọ bi mí ní ìbéèrè. Mo rò pé wọ́n á bi mí bóyá mo máa ń sùn lọ́sàn-án. Ọmọbìnrin kékeré kan dìde, Ràfíátù, ó ní, "Àǹtí, kí lẹ fẹ́ nílé yín?"

Mo ní kó jẹ́ kí n délé wò ó ná. Àwọn àgbà ń patẹ́wọ́, wọ́n rò pé àwàdà ni mò ń ṣe.

Àwọn ọmọ mi ló kọ́ ilé tí mò ń gbé fún mi. Wọ́n kọ́ ọ dáadáa, Ọlọ́run á san wọ́n lẹ́san. Nítorí àwọn olè, wọ́n fi géètì onírin tó dí pátápátá sẹ́nu ọ̀nà, ó ga jù mí lọ. Mo ti gbé ibẹ̀ pẹ́. Ilé mi wà lójú ọ̀nà tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń gbà kọjá, mo ń gbọ́ ohùn wọn láràárọ̀, mi ò rí ọ̀kan nínú wọn rí.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo pe Mùbáráìkì, àkọ́bí mi, ní Ìbàdàn. Mo ní, "Mo fẹ́ kí o ní kí wẹ́dà gé irin tó dí ìdajì òkè géètì yẹn kúrò, kó fi ọ̀pá onírin rọ́pò rẹ̀, kí n lè máa rí ìta."

Ó ní, "Màmá, ìyẹn ò le rárá. Kí ló dé tí ẹ ò ti sọ látọjọ́ yìí?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó bi mí ni."